Ohun Tí Bàbá Wí Nípa Tíì Alátalẹ̀

Wọ́n ní obìnrin kan... ìyẹn obìnrin tó máa ń po tíì yẹn... wọ́n ní ó da nǹkan sí i. Ó da kí ni sí i? Ta ló mọ̀? Wọ́n ṣáà ní bàbá arúgbó kan tọ́ ọ wò, bàbá tí ohùn rẹ̀ ti lọ yẹn, ẹ mọ̀ ọ́n... pé bó ṣe kan ahọ́n rẹ̀ báyìí ni ahọ́n náà... háà, ẹ jẹ́ n dákẹ́. Wọ́n ní kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí bàbá fi... Èmi ò sọ nǹkan kan o. Ohun tí mo gbọ́ ni mo sọ. Ẹ ṣáà má jẹ́ kó po tíì fún yín.

Ẹ ti gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Bí ẹ kò bá tí ì gbọ́ ọ, ẹ máa gbọ́ ọ, nítorí ọ̀rọ̀ náà lẹ́sẹ̀ ju ọ̀kùn lọ. Ó ti gba ibi tí wọ́n ti ń di páálí kọjá, ó ti bọ́ sí títì, ó ti wọ ilé tíì mìíràn. Bí ẹ bá sì bi í pé ọmọ ta ni, kò ní lè dárúkọ ìyá rẹ̀. Èmi ni ìyá rẹ̀. Èmi tí n kò lè kí àlejò kí ó dún jáde, èmi ni mo bí ọ̀rọ̀ náà sáyé. Àwọn tó ń fi tíì ṣiṣẹ́ mọ̀ pé atọ́wò kì í gbé tíì mì; bó bá ti yí i po lẹ́nu tán, á tu ú dànù ni. Èmi gbé tèmi mì, ó sì ti ba inú mi jẹ́. Òtítọ́ gbọ́dọ̀ jáde wàyí, bí kò bá tilẹ̀ dùn lẹ́nu.

Bàbá tí wọ́n ń sọ yẹn, bàbá mi àgbà ni. Àwọn ni wọ́n tọ́ mi. N kò lọ sí ilé ẹ̀kọ́. Ara páálí tíì ni mo ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń kàwé, lórí itan bàbá, tí wọ́n máa ń fi ìka tọ́ka sí lẹ́tà, tí èmi á sì máa pè é. Ojú máa ń tì mí. Bí àlejò bá wọlé, ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni ẹ ó ti bá mi, tí mo ń fetí sí àwọn àgbà. Mo mọ ọ̀rọ̀ wọn dunjú, mo mọ òwe wọn, ṣùgbọ́n kí n fi ẹnu ara mi sọ ọ̀kan níwájú ènìyàn, ó di kí ilẹ̀ lanu gbé mi mì. Àfi nígbà tí àìsàn gba ohùn bàbá. Ọ̀fun wọn há, kò sì ṣí mọ́. Ohun tó kù kò ju fífẹ́ atẹ́gùn sétí ènìyàn lọ. Etí tiwọn náà ti wúwo ṣáájú ìgbà náà. Bẹ́ẹ̀ wọ́n ṣì ni atọ́wò àgbà nílé iṣẹ́ tíì tí a wà. Kí ni ọ̀gá wa ṣe? Wọ́n ní kí n máa tẹ̀lé bàbá wá sí ibi iṣẹ́, kí n máa gbọ́ ohun tí wọ́n bá wí, kí n máa sọ ọ́ sókè fún àwọn yòókù. Báyìí ni ẹni tí kò lè sọ̀rọ̀ ṣe di ẹnu ẹni tí kò lóhùn mọ́. Ẹ rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín nígbà náà.

Ẹ jẹ́ n ṣe àlàyé yàrá tí a ti ń ṣe iṣẹ́ náà, nítorí inú rẹ̀ ni ẹ̀ṣẹ̀ mi wà. Tábìlì gígùn kan ni, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé tí oòrùn kì í wọ̀ tààrà, kí àwọ̀ tíì má baà tan ojú jẹ. A ó to kọ́ọ̀bù funfun sórí rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, a ó wọn ewé sí ọ̀kọ̀ọ̀kan, a ó da omi tó ń hó lé e, a ó fi ìdérí bò ó. Bó bá ti tó, a ó dà á sínú abọ́, ewé tó ti rin á sì wà lórí ìdérí kí ojú lè rí i. Atọ́wò á wá mú ṣíbí, á fa tíì náà símú-sẹ́nu pẹ̀lú ariwo fììì, bí ẹni tó ń fa ọbẹ̀ gbígbóná lọ́dọ̀ àna tí kò bọ̀wọ̀ fún. Á yí i po, á tu ú sínú ike, ó di orí èyí tó kàn. Kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀. Bí atọ́wò àgbà bá dé òpin tábìlì, wọ́n á sọ ìdájọ́ wọn, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. A kì í bi wọ́n léèrè. A kì í ní kí wọ́n tún un sọ. "Ọ̀rọ̀ atọ́wò, ẹ̀ẹ̀kan ni," bẹ́ẹ̀ ni àwọn tó ṣáájú wa ṣe fi lélẹ̀. Bàbá máa ń sọ ìdí rẹ̀ fún mi nígbà tí ohùn ṣì wà: "Ahọ́n tí ẹ bá bi ní ìbéèrè lẹ́ẹ̀mejì, á bẹ̀rẹ̀ sí ronú. Ahọ́n tó bá sì ti ń ronú, ó ti di lọ́yà nìyẹn." Òfin dáadáa ni. Òfin yẹn náà ni mo sá pamọ́ sí abẹ́ rẹ̀.

Tíì oríṣi méjì ni ilé iṣẹ́ wa ń tà. Ọ̀kan ni tíì àtayébáyé, ewé lásán tí kò ní àdàlù: èyí tó dúdú, èyí tó ní àwọ̀ ewé, èyí tó funfun tó sì rọ̀ bí ọ̀rọ̀ ìyàwó tuntun, èyí tí wọ́n fi èéfín yan. Èkejì ni tíì olóòórùn, tí a fi èèpo ọsàn, òdòdó, ewé míǹtì, kànáfùrù àti atalẹ̀ pò. Obìnrin kan ló ń po ìyẹn, a máa ń pè wọ́n ní Ìyá Olóòórùn, nítorí bí wọ́n bá ti wọlé, imú yín á ti kí wọn kí ojú yín tó rí wọn. Bàbá kò fẹ́ràn tíì olóòórùn. Wọ́n á ní, "Tíì tó bá ń kun lọ́fínńdà, ìwà ló ń fi pamọ́." Ìyá Olóòórùn á sì dáhùn, "Bàbá, ara tí Ọlọ́run dá fún yín, ẹ kì í ha wọ aṣọ lé e?" Gbogbo ilé á bú sẹ́rìn-ín, bàbá náà á rẹ́rìn-ín, wọ́n á wá tọ́ tíì náà wò, wọ́n á ní ó dára díẹ̀, "bí aṣọ àyálò." Kò sí ìjà níbẹ̀. Mo fẹ́ kí ẹ mọ ìyẹn. Kò sí ìjà kankan láàárín àwọn méjèèjì kí èmi tó dá a sílẹ̀.

Àìsàn tó gba ohùn bàbá kò fi ibẹ̀ mọ. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, mo rí i tí wọ́n bu iyọ̀ sínú tíì wọn, wọ́n rò pé ṣúgà ni. Wọ́n rò ó pọ̀, wọ́n mu ún tán, wọ́n sì pọ́n ètè lá. Mo dúró, mo ń wò wọ́n. Wọ́n wo ojú mi, wọ́n wo agolo iyọ̀, wọ́n sì mọ̀. Wọ́n fà mí mọ́ra, wọ́n fẹ́ ọ̀rọ̀ sí mi létí pé, "Ahọ́n mi ti kú, ọmọ mi. Má sọ fún ẹnikẹ́ni." Wọ́n sunkún. N kò rí i kí bàbá sunkún rí. Mo ní kí wọ́n má ṣèyọnu. Iṣẹ́ mi ni láti kọ́kọ́ kan tíì lẹ́nu wò kí ó má baà jó wọn, nítorí náà ahọ́n mi ń kan gbogbo rẹ̀ kí tiwọn tó kàn án. Wọ́n ti kọ́ mi nílé láti kékeré. Mo mọ tíì tó ti pẹ́ jù nínú àpò, mo mọ èyí tí wọ́n sá jù, mo mọ èyí tí wọ́n kó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọṣẹ. A wá fi ṣíbí ṣe àmì. Bí tíì bá dára, màá fi ṣíbí kalẹ̀ kí ojú rẹ̀ wà lókè. Bí kò bá dára, màá da ojú rẹ̀ délẹ̀. Bàbá á wo ṣíbí, wọ́n á fa tíì fììì, wọ́n á ṣe bí ẹni tó ń rò ó, wọ́n á wá fẹ́ nǹkan sí mi létí. Ìgbà mìíràn, kò ju "Ó ti rẹ̀ mí" lọ. Èmi á wá kéde pé, "Bàbá ní kejì àti karùn-ún ló dára, wọ́n ní kẹta ti bu."

Ìfẹ́ ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, mo fi Ọlọ́run ṣẹ̀rí. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ mọ ọkàn ènìyàn, ẹ ti mọ ibi tó ń lọ. Èmi tí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn jẹ́ ààfin mi, ahọ́n mi wá ń jọba. Mo sọ pé tíì kan kò dára, ọ̀gá wa dá àpò rẹ̀ padà. Mo gbóríyìn fún òmíràn, wọ́n tò ó sí iwájú. Àwọn àgbàlagbà ń tẹ́tí sí mi láìmọ̀ pé èmi ni. Ó dùn mọ́ mi ju tíì lọ. Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí fura sí gbogbo ènìyàn, bí olè ṣe máa ń fura. Obìnrin kan wà níbi tí wọ́n ti ń di páálí tí a ń pè ní Rédíò, nítorí kò ní ibi tí wọ́n ti ń pa á. Lọ́jọ́ kan ó jókòó tì mí, ó ń jẹ ẹ̀pà, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, àbúrò, bàbá yín yìí, ṣé tíì ni wọ́n ń tọ́ wò ni, àbí ṣíbí ni wọ́n ń kà?" Mo ní, "Ṣíbí báwo?" Ó ní, "Mo kàn bi yín ni o. Ojú mi ló rí i, ẹnu mi kò tíì sọ ọ́." Ó rẹ́rìn-ín, ó lọ. Láti ọjọ́ náà, bí ènìyàn méjì bá dúró pa pọ̀, èmi ni wọ́n ń sọ. Bí ẹnì kan bá wúkọ́, ó ní ohun tó ń wúkọ́ fún.

Ìyá Olóòórùn ni mo wá bẹ̀rù jù. Ahọ́n tiwọn náà mú. Wọ́n máa ń tọ́ tíì wò lẹ́yìn bàbá, ojú wọn á sì rú díẹ̀ nígbà tí ìdájọ́ mi bá ṣì. Wọ́n kì í sọ nǹkan kan, òfin ni. Ṣùgbọ́n wọ́n á wò mí. Ó pọ̀ tí mo ti ronú ojú yẹn lẹ́yìn náà. Mo rò pé ìfura ló wà níbẹ̀. Àánú ni. Ó dà bíi pé wọ́n ti mọ̀ tipẹ́, tí wọ́n kàn ń bò wá láṣìírí.

Ọjọ́ burúkú náà dé, ó sì dé pẹ̀lú oòrùn tó mọ́ rekete. Ọ̀gá wa ní kí a to gbogbo tíì àtayébáyé sí apá kan tábìlì, kí a to olóòórùn sí apá kejì, kí a fi wọ́n wéra, kí àwọn lè mọ̀ bóyá kí ilé iṣẹ́ máa po olóòórùn lọ tàbí kí ó dẹ́kun. Gbogbo wa wà níbẹ̀, títí kan Rédíò tó sọ pé òun wá gbá ilẹ̀. Bàbá tọ́ ti àtayébáyé wò, mo fi ṣíbí ṣe amọ̀nà wọn. A dé apá kejì. Èyí tó gbẹ̀yìn ni tíì alátalẹ̀ tí Ìyá Olóòórùn ṣẹ̀ṣẹ̀ pò, atalẹ̀ gbígbẹ pẹ̀lú èèpo ọsàn àti kànáfùrù díẹ̀ lórí tíì dúdú tó lágbára. Mo kan án lẹ́nu wò. Ẹ gbọ́ mi: n kò tọ́ irú rẹ̀ wò rí. Atalẹ̀ náà kò bo tíì mọ́lẹ̀. Ó dì í lọ́wọ́ mú ni, bí àgbà ṣe ń di ọmọdé lọ́wọ́ mú sọdá títì. Mo sì mọ̀ pé bí tíì yìí bá borí, Ìyá Olóòórùn ni gbogbo ilé yóò máa tẹ́tí sí, àṣírí ṣíbí wa á sì tú. Mo da ojú ṣíbí délẹ̀. Irọ́ àkọ́kọ́ nìyẹn, irọ́ tí kò lóhùn.

Bàbá wo ṣíbí náà. Wọ́n fa tíì fììì. Wọ́n dúró. Gbogbo wa ń retí kí wọ́n tu ú sí ike, wọn kò tu ú. Bàbá mi, atọ́wò láti ìgbà èwe wọn, gbé tíì mì. Wọ́n tún bu ṣíbí kan, wọ́n gbé ìyẹn náà mì. Omi bọ́ lójú wọn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n di ọrùn mi mú, wọ́n fa orí mi mọ́ ẹnu wọn, wọ́n sì fẹ́ ọ̀rọ̀ sí mi létí. Ọ̀rọ̀ náà gùn ju bí wọ́n ṣe máa ń sọ lọ. Màá sọ ọ́ fún yín, ó ní ibi tí màá ti sọ ọ́. Ní báyìí, ẹ ṣáà mọ èyí: bí mo bá kéde ọ̀rọ̀ yẹn bó ṣe wà, èmi àti bàbá máa kúrò nídìí tábìlì yẹn lọ́jọ́ náà, Ìyá Olóòórùn ni yóò sì jókòó síbẹ̀. Màá padà sẹ́yìn ilẹ̀kùn mi. Mo gbé orí sókè, gbogbo ojú wà lára mi, mo sì gbọ́ ohùn ara mi tó ń sọ pé, "Bàbá ní nǹkan kan wà nínú tíì yìí tí kì í ṣe tíì. Wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má mu ún."

 Ìyá Olóòórùn wo bàbá, wọ́n ní, "Bàbá?" Bàbá, tí etí wọn kò gbọ́, tí wọ́n rò pé mo ti jíṣẹ́ wọn, rẹ́rìn-ín sí wọn, wọ́n sì mi orí sókè sódò, bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ̀rín yẹn ló ṣe iṣẹ́ náà parí. Ẹnu mi lásán kò lè ṣe tó bẹ́ẹ̀. Ìyá Olóòórùn bojú, omi ń ṣàn gba àárín ìka wọn, bàbá sì ń wò wọ́n tìfẹ́tìfẹ́, wọ́n rò pé ayọ̀ ló pa obìnrin náà lẹ́kún. Ọ̀gá wa ní kí wọ́n kó gbogbo tíì olóòórùn dànù, kí Ìyá Olóòórùn sì máa lọ sílé ná. Kò sẹ́ni tó béèrè pé kí ni nǹkan náà. Ọ̀rọ̀ atọ́wò, ẹ̀ẹ̀kan ni.

Wọ́n ní bí wọ́n bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, kí á fi tọmọ jẹ́ ẹ. Iṣẹ́ ọmọ ni wọ́n rán èmi. Ti ẹrú ni mo fi jẹ́ ẹ.

Láti ọjọ́ náà ni ilé iṣẹ́ wa ti di ilé ìfura-síra-ẹni. Àwọn tó máa ń fi kọ́ọ̀bù kan mu tíì tẹ́lẹ̀, olúkálùkù wá ń gbé tirẹ̀ wá láti ilé, ó ń fi í sínú báàgì. Wọ́n ra kọ́kọ́rọ́ sí àpótí atalẹ̀. Ọ̀gá wa pààrọ̀ kẹ́tù. Bí Rédíò bá máa mu omi lásán, á kọ́kọ́ gbóòórùn rẹ̀, á gbé e sí ìmọ́lẹ̀, á wò ó yíká bí ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́. Nígbà tí ìròyìn jáde pé ahọ́n bàbá kò ṣiṣẹ́ mọ́, nítorí kò sí bí a ṣe lè bò ó títí, wọ́n ṣe ìṣirò tí wọ́n fẹ́ ṣe: tíì yẹn ló pa á. Rédíò dì mọ́ mi, ó ní, "Àbúrò, ẹ forí jì mí. Èmi tí mo ń fura sí yín! Obìnrin yẹn ló ti ń fún bàbá ní májèlé jẹ díẹ̀díẹ̀." Mo gbà á, mo ní kò burú. Mo dárí jì í. Ẹ wo ẹni tó ń dárí ji ènìyàn.

Bàbá kò mọ nǹkan kan. Wọ́n ń bi mí ṣáá pé, "Obìnrin yẹn dà? Ṣé ó ti jókòó síbẹ̀?" Mo fi ẹnu sí etí wọn, mo ní, "Ẹ ní sùúrù." Lẹ́yìn náà, Ìyá Olóòórùn wá sílé wa. Wọn kò wọlé, ẹnu géètì ni wọ́n dúró sí, bàbá sì wà lórí àga ní fàráńdà; bàbá rí wọn, bàbá sì gbé ọwọ́ sókè kí wọn. Èmi ni mo lọ sí géètì. Ìyá Olóòórùn ní, "Ọmọ mi, bá mi bi bàbá pé kí ni mo ṣe. Bí mo bá ṣẹ̀ wọ́n, kí wọ́n sọ ọ́, màá dọ̀bálẹ̀ bí ọkùnrin. Ilé tíì mẹ́ta ló ti lé mi lẹ́nu ọ̀nà. Ọwọ́ tí mo fi ń jẹun nìyẹn." Mo rin ìrìn àárín géètì àti fàráńdà, ọ̀nà tí kò gùn, ó sì gùn. Bàbá ní, "Kí ló wí? Ṣé ó gbà?" Mo wo ojú wọn. Mo fi ẹnu sí etí wọn, mo ní, "Wọ́n ní àwọn ò fẹ́, bàbá. Wọ́n ní àwọn ò lè jókòó sórí àga ẹni tí ahọ́n rẹ̀ ti kú." Ọwọ́ tí bàbá gbé sókè rọra wálẹ̀. Mo padà sí géètì. Mo ní, "Bàbá ní kí ẹ máa lọ." Ìyá Olóòórùn wo fàráńdà, wọ́n rí ọwọ́ tó wálẹ̀, wọ́n rí bàbá tó yí ojú sí ògiri. Ojú wọn rí i. Kí ni wọn kò ní gbà gbọ́? Àwọn méjèèjì ń wo ara wọn láti ibi tí ènìyàn lè sọ òkò dé, èmi nìkan sì ni afárá tó wà láàárín wọn. Mo já.

Ẹ rò pé ìyẹn ló burú jù. Èmi náà rò bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n àìsàn bàbá padà, ó sì wá láti mú wọn lọ. Gbogbo ohun tí a gbé wá, wọn kò fẹ́. Wọ́n fẹ́ ọ̀rọ̀ sí mi létí pé, "Bá mi po tíì obìnrin yẹn. Ìyẹn nìkan." Ó wà lọ́wọ́ mi. Mo ti bu díẹ̀ pamọ́ sínú agolo kékeré lọ́jọ́ tí wọ́n kó o dànù, n kò mọ ìdí rẹ̀. Bóyá nítorí pé ó dùn. Ṣùgbọ́n àwọn ará ilé iṣẹ́ kún yàrá, ọ̀gá wa wà níbẹ̀, Rédíò wà níbẹ̀, tíì olóòórùn kì í sì í ṣe ohun tí ènìyàn lè pò ní ìkọ̀kọ̀. Bí mo bá da omi gbígbóná lé e, ilé á mọ̀. Wọ́n á ní, ṣé èyí tó pa ahọ́n wọn lẹ ń fún wọn mu? Tí bàbá bá wá mu ún, tí ara tù wọ́n, kí ni màá sọ? Mo po tíì lásán, mo gbé e dé ẹnu wọn, mo ní, "Òun rèé, bàbá." Wọ́n mu ún. Ahọ́n tó ti kú, ẹ̀yin ènìyàn! Wọ́n mi orí, wọ́n ní, "Kì í ṣe òun." Wọ́n wò mí, ojú yẹn kò bínú, ó kàn ń wá nǹkan lójú mi. Wọn kò tún béèrè mọ́. Ibẹ̀ ni wọ́n gbà lọ.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí àwọn àgbà ń rán níṣẹ́, ẹ fi mí ṣe àríkọ́gbọ́n. Ẹni tó rán ni níṣẹ́ là ń bẹ̀rù. Èmi bẹ̀rù àga. Ẹ má rò pé onítìjú kò lè ṣe ìkà. Ìtìjú mi ni mo fi bojú, kò sì sẹ́ni tó fura sí ọmọ tó ń wolẹ̀. Bí ẹ bá gbé ọ̀rọ̀ ẹnì kan dání, bí omi gbígbóná ni kí ẹ ṣe gbé e: ẹ má bù ú, ẹ má bomi là á, ẹ má dà á sí ẹlòmíràn lára. N kò bẹ̀ yín kí ẹ fẹ́ràn mi. Mo bẹ̀ yín kí ẹ lọ bá ẹni tí ẹ sọ àhesọ yẹn fún, kí ẹ sì sọ èyí tó kù fún un.

Èyí tó kù nìyí. Lẹ́yìn ìsìnkú, ọkùnrin kan tó ní ilé tíì ní ìlú kejì wá sọ́dọ̀ ọ̀gá wa. Ó fẹ́ gba Ìyá Olóòórùn síṣẹ́, ó sì ti gbọ́ ohun tí ayé ń sọ. Ó ní òun kò ní gbọ́ ti àhesọ, òun fẹ́ gbọ́ ọ láti ẹnu ẹni tó gbọ́ ọ. Bó bá jẹ́ òótọ́, òun á bá ọ̀nà òun lọ, ìdí tíì á sì di èèwọ̀ fún obìnrin náà títí láé. Wọ́n pe gbogbo wa sí yàrá tábìlì gígùn náà. Ìyá Olóòórùn jókòó sí igun, báàgì wọn lórí itan. Wọ́n ti gbẹ. Kò sẹ́ni tó jókòó tì wọ́n. Ọ̀gá wa ní, "Ọ̀rọ̀ atọ́wò, ẹ̀ẹ̀kan ni, a kì í tún un sọ. Ṣùgbọ́n atọ́wò ti lọ, orúkọ ènìyàn sì wà nílẹ̀. Ìwọ lo gbọ́ ọ. Kí ni bàbá wí?" Rédíò ní, "Ẹ sọ ọ́, àbúrò, ẹ má bẹ̀rù." Ó rọrùn gan-an. Kí n kàn tún ọ̀rọ̀ mi sọ, kí n wolẹ̀, kí n padà sílé.

Mo mú agolo kékeré náà jáde nínú báàgì mi. Mo wọn ewé rẹ̀ sínú kọ́ọ̀bù funfun, mo da omi gbígbóná lé e, mo dé e, mo dúró. Òórùn atalẹ̀ àti ọsàn kún yàrá náà. Rédíò fi aṣọ bo imú. Ìyá Olóòórùn gbé orí sókè. Mo bu ú pẹ̀lú ṣíbí, mo fà á fììì bí bàbá ṣe máa ń fà á, mo sì gbé e mì lójú gbogbo wọn. Mo mu ún títí ìdí kọ́ọ̀bù fi hàn. Mo ní, "Ohun tí mo sọ lọ́jọ́ yẹn, èmi ni mo sọ ọ́. Bàbá kò sọ ọ́."  

Ìyá Olóòórùn ló wá sọ̀rọ̀, ohùn wọn kò ju ti bàbá lọ. Wọ́n ní, "Kí wá ni wọ́n wí, ọmọ mi? Sọ ọ́ bí wọ́n ṣe sọ ọ́. Má bù kún un, má sì yọ nínú rẹ̀."

Mo kúnlẹ̀ níwájú wọn. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo sọ̀rọ̀ sókè láìwo ilẹ̀. Mo ní, "Bàbá ní: 'Sọ fún wọn pé ahọ́n mi ti kú láti ìgbà àìsàn. Ọmọ yìí ló ń tọ́ tíì wò fún mi; kí wọ́n má bínú sí i, èmi ni mo fi kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n tíì obìnrin yìí, mo tọ́ ọ wò. Mo tọ́ ọ wò, ó dé ahọ́n mi. Sọ fún wọn kí wọ́n jẹ́ kí ó jókòó síbi tí mo jókòó sí.'"